Ọ̀dà Pupa Ò Lè Wó Ilé

Sí gbogbo ẹ̀yin tó wà nídìí ètò ìlú àti ilé kíkọ́ l'Ékòó,

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019 ni ilé kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé ìgbé ni wọ́n kọ ọ́ fún, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Èèyàn 20 ló kú. Ohun tó ṣì ń dun ẹni tó kọ lẹ́tà yìí títí dòní ni pé àwọn aláṣẹ fúnra wọn ló jáde sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Àwíjàre ni wọ́n fi ṣe.

Ta ni ìyẹn dá láre? Ẹni tó rí i pé ilé fẹ́ wó, tó fi ọ̀dà kùn ún, tó wá bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀bi rẹ̀ ju ti ẹni tí kò rí i rárá lọ.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá bíríkìlà, sọ́féyọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba da nǹkan pọ̀, ojú rẹ̀ sì ni àmì pupa ṣe ń di yẹpẹrẹ. Òṣìṣẹ́ á dé láàárọ̀, á fi ọ̀dà fa ìlà méjì kọjá lórí ara wọn, á ya fọ́tò rẹ̀, ó di gbéré. Onílé á tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Kò ní pẹ́ tí ayálégbé á fi sá aṣọ bo àmì náà, nígbà tó bá sì tún yá, onílé á ra ọ̀dà tuntun kùn ún pátápátá. Irin tó ti dípẹtà nínú òpó kò dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ó ń wú, ó ń la kọ̀ǹkéré. Bí èèyàn bá fọwọ́ ra òpó náà, yanrìn ló ń bọ́ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba ò mọ bí wọ́n ṣe ń wó ilé o. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún àwọn ará àdúgbò Màrókò l'Ékòó, nǹkan bí 300,000 èèyàn, kí katapílà tó wọlé tọ̀ wọ́n. Ilẹ̀ olówó iyebíye ni ibẹ̀ lónìí. Ní Ìta Fàájì náà, òkú ò tíì kúrò nílẹ̀ tán tí katapílà fi dé, tí wọ́n ń wó àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ti sàmì sí káàkiri Erékùṣù. Níbo ni katapílà yẹn wà ní oṣù Kejì?

Kì í sì í ṣe ilé àtijọ́ nìkan. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ìjọba ti kọ́kọ́ tì í pa lọ́dún yẹn kan náà. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Ilé ẹbí pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, àwọn ajogún ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ọmọọ̀ta a sì máa lé òṣìṣẹ́ tó bá dé. Ayálégbé náà kì í fẹ́ kúrò, nítorí kò rí owó ilé ọdún kan àti owó àgbéńtì tí yóò kó kalẹ̀ níbòmíràn. Gbogbo èyí yé ẹni tó kọ lẹ́tà yìí. Kò sí èyí tó ní kí wọ́n fi ọmọ iléèwé sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún.

Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa wó ilé sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́. Kí wọ́n wá ibì kan fún ayálégbé, ì báà jẹ́ fúngbà díẹ̀. Bí owó rẹ̀ yóò ṣe jáde, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò ná wọn ní nǹkan kan ni pé kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo ilé tí wọ́n ti sàmì sí mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí òbí lè kà á kí ó tó san owó iléèwé ọmọ rẹ̀.