Àpọ̀jù Kọ́, Adelé Ni: Ọ̀rọ̀ lórí Èdè-Ìperí Ìsokọ́ra Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí olùtumọ̀ bá fẹ́ fi Yorùbá pe ohun tuntun ní orúkọ, nǹkan méjì ni ó lè gbé lé orí òṣùwọ̀n: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe ohun náà, tàbí iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọrùn jù láti wọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò bá wọn iṣẹ́ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Ní àárín gbùngbùn ìsokọ́ra ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé ìfowópamọ́ ńlá, ẹ̀rọ kan wà tí ìròyìn láti ẹ̀ka gbogbo ń gbà kọjá. Súìṣì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Ṣùgbọ́n súìṣì ni Yorùbá ti ń pe ohun tí wọ́n fi ń tan iná mọ̀nàmọ́ná; nítorí náà, ẹ̀rọ oríta ni ó tọ́ kí èyí máa jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́ ni gbogbo ẹ̀ka yóò dákẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé méjì kalẹ̀. Redundant ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú méjì bẹ́ẹ̀.

Bí olùtumọ̀ bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, àpọ̀jù ni yóò bá níbẹ̀, ohun tí kò wúlò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ kò ní jẹ̀bi bí ó bá tú ẹ̀rọ kejì kúrò láti dín ìnáwó kù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ méjèèjì fi hàn pé adelé ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Nínú ìlànà VRRP, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni àwọn kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ka kan mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà àbájáde wọn. Ẹ̀rọ kan ni ó wà lórí ipò yìí, tí ó ń kéde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun wà. Bí ìkéde bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 4, èkejì yóò bọ́ sí ipò náà, àwọn kọ̀ǹpútà kò sì ní pààrọ̀ àdírẹ́sì. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a tún máa fi ẹ̀rọ kìíní sí ipò fún ìdajì àwọn ẹ̀ka, kí ó fi èkejì sí ipò fún ìdajì yòókù. Adelé ara wọn ni àwọn méjèèjì; kò sí aláìníṣẹ́ nínú wọn.

Láti 1998 tí ìwé ìlànà VRRP ti kọ́kọ́ jáde, master ni orúkọ ẹ̀rọ orí ipò. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2024, wọ́n fi active rọ́pò rẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó ti sọ ọ́ di ọ̀gá ní láti tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó pè é ní ẹ̀rọ orí-ipò kò ní yí ohunkóhun padà, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò yí padà.

Dynamic ni ọ̀rọ̀ kejì tí ó lè tan olùtumọ̀ jẹ, tí yóò fi wí pé ìtọ́nà alágbára ni. Agbára kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ, ìtọ́nà àkọsílẹ̀ nìyẹn. Nínú irú kejì, àwọn ẹ̀rọ fúnra wọn ni wọ́n ń ròyìn ọ̀nà fún ara wọn. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ìtọ́nà àbéèrè, nítorí pé abéèrè kì í ṣìnà. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í dúró de ìbéèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìtọ́nà àjọsọ ni ó bá iṣẹ́ wọn mu. Nínú ìlànà OSPF, aládùúgbò ń kí aládùúgbò, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, 10. Bí 40 bá kọjá láìsí ìkíni, wọ́n gbà pé ẹni náà kò sí mọ́, wọn a sì tún ọ̀nà ṣírò láìdúró de ènìyàn.

Ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n pe ẹ̀rọ méjèèjì ní ìbejì. Èyí kò burú, bí olùkọ́ bá lè rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú OSPF, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá da ètò ti èkíní kọ sínú èkejì láìyí nọ́ḿbà náà padà, ìtọ́nà yóò dàrú.

Kò pọn dandan kí OSPF àti VRRP fúnra wọn di Yorùbá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ronú ni kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí i. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kí ó tó lè ṣeé ṣe fún ẹ̀kọ́ ìsokọ́ra, onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ jókòó ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ó wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, kí ó tó sọ ọ́ ní orúkọ.