Ta Ló Ní Èdè Yorùbá Kò Ní Àwọ̀?

Bí ayàwòrán kan bá jókòó ní Congo Town, ní ìlú Monrovia, tó fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró kun Kpatawee, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó ń já láti orí àpáta ní Bong County, ohun àkọ́kọ́ tí yóò hàn sí i ni pé omi náà kì í ṣe funfun lásán. Níbi tí oòrùn bá ti kàn án, ó funfun báláú. Lábẹ́ òjìji àpáta, ó di àwọ̀ eérú tó fara pẹ́ aró. Níbi tí igbó bá ti ṣíji bò ó, àwọ̀ ewé wọ inú rẹ̀. Èdè wo ni olùkọ́ yóò fi la ojú akẹ́kọ̀ọ́ sí gbogbo èyí? Ìbéèrè yìí kan ọmọ Kpelle tí omi náà wà nílẹ̀ rẹ̀. Ó sì kan ọmọ Yorùbá tó ni Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Èsì tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló tó o ṣe. Wọ́n ní dúdú, funfun àti pupa nìkan ni Yorùbá ní. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ gbé ìwé Brent Berlin àti Paul Kay, tó jáde ní 1969, wá ṣe ẹlẹ́rìí, ìwé tó to àwọn èdè ní ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí iye ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ní fún àwọ̀, tó sì ka 11 fún Gẹ̀ẹ́sì. Àṣìṣe gbáà ni. Ayàwòrán kì í ra gbogbo àwọ̀ tó wà láyé. Díẹ̀ ló ń rà, tó ń pò wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè ń ṣe. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú. Aláró kì í ṣi ayìnrín pè ní ẹtù, nítorí ó mọ iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò aró.

Ìlànà iṣẹ́ náà pàápàá kò ga ju Yorùbá lọ. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi. Òróró inú rẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́ sára títí yóò fi le. Nítorí náà, ọ̀dà tí wọ́n fi tọpẹntáìnì là ló ń ṣáájú, èyí tó lóròóró jù ló ń tẹ̀lé e. Bí ó bá yí padà, àwòrán náà yóò sán. Dúdú àpáta ló sábà ń ṣáájú, funfun omi tó ń hó ló ń kẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá wo ni èyí kò ní yé?

Irú ẹ̀sùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé ìjọba amúnisìn, wọ́n ní ọwọ́ adúláwọ̀ kò lè ya àwòrán bí ti Òyìnbó. Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó sì kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Ọwọ́ ti jàre. Ó ku èdè.

Ẹ̀rí kò sì wọ́n. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kì í rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ Congo Town fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ń pè ní Congo. Ẹlòmíràn ló sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ èdè ṣọ́ra, kí ẹlòmíràn má baà bá ọmọ wọn sọ àwọ̀ omi tó ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lórúkọ.