Lọ́yà tó ń fọ́nnu lórí fóònù: kí oníṣòwò ṣọ́ra

Ní Dùgbẹ̀ àti ní ọjà Bódìjà, ẹni tí kò bá polówó, ọjà rẹ̀ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò n'Ìbàdàn kò fi rí ohun tó burú nínú báwọn lọ́yà kan ṣe ń polówó ara wọn lórí Facebook àti WhatsApp pé àwọn yóò gba gbèsè láàárín ọjọ́ méje, tàbí pé àwọn kì í pàdánù ẹjọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ́yà kì í ṣe tòmátì. Tòmátì tó ti rà, ojú lèèyàn fi ń rí i kó tó sanwó. Ìwé àdéhùn tí kò dáa, ọjọ́ tí onílé bá ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Challenge ni ẹni tó sanwó rẹ̀ yóò tó mọ̀.

Wọn kò ní kí lọ́yà má polówó rárá o. Abala 39 nínú ìlànà iṣẹ́ lọ́yà ti ọdún 2007 gbà wọ́n láyè, bí ìpolówó náà bá ti mọ níwọ̀n, tí kò sì tan èèyàn jẹ. Ohun tó kọ̀ ni kí lọ́yà máa fi ara rẹ̀ wé lọ́yà mìíràn, kó máa ka iye ẹjọ́ tó ti jàre, tàbí kó rán àwọn èèyàn jáde láti máa wá oníbàárà fún un. Lọ́dún 2023, wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde láti rọ́pò èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: adájọ́ ló ń dá ẹjọ́, kò sí lọ́yà tó lè ṣèlérí ìdájọ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kí NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, rò dáadáa. Àwọn tó ń pa òfin mọ́ ń dákẹ́, àwọn tí kò pa á mọ́ ń pariwo, ariwo yìí nìkan sì ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní Agbowó ń gbọ́ nígbà tó bá fẹ́ fi orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Lọ́dún 1977, nínú ẹjọ́ Bates, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà sọ pé kò yẹ kí wọ́n dí lọ́yà lọ́wọ́ láti kéde iye tó ń gbà fún àwọn iṣẹ́ tí kò le. Bí lọ́yà n'Ìbàdàn bá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà àti iye tó ń gbà láti ṣe ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù, kò fọ́nnu, oníṣòwò ló ràn lọ́wọ́.

Èyí tó yẹ kí wọ́n le sí ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Lọ́yà tó bá ya fọ́tò ìwé ẹjọ́ oníbàárà, tó gbé e sórí WhatsApp láti fi hàn pé òun mọṣẹ́, ti tú àṣírí gbèsè ẹni náà fáwọn tó ń tajà fún un láwìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí lọ́yà méjì àti iléeṣẹ́ wọn san 5,000 dọ́là, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hùmọ̀, wá síwájú ilé-ẹjọ́. Bí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù, kò sí adájọ́ tí yóò tètè rí i. Oníṣọ́ọ̀bù ni yóò jìyà rẹ̀.

Kí oníṣòwò tó sanwó, kó béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ orúkọ lọ́yà náà sílẹ̀ nílé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá, kó sì wò ó bóyá òǹtẹ̀ NBA wà lára ìwé tó ṣe. Kó dé ọ́fíìsì rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ring Road tàbí Ìyágankú, kó sì gba rìsíìtì. Ẹ̀ka NBA n'Ìbàdàn pẹ̀lú lè mú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ bá àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè ké sí. Ẹni tó bá fi ariwo yan lọ́yà, ariwo náà kò ní bá a dé kóòtù.