Ẹ Kọ́kọ́ Ka Kòkòrò Kí Ẹ Tó Pọn Tánkì

Sóyà ti ń yọ òdòdó, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín: ewé ti ń lu, ó yẹ ká fín oògùn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú owó tí à ń dà sórí ewé sóyà ni kò yẹ kó jáde lápò wa rárá.

Ewé tó lu jára máa ń dẹ́rù bani, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n sóyà lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń kórè sóyà ju ibikíbi lọ láyé, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba wọn, Embrapa, sọ fún àgbẹ̀ pé kó má fín oògùn nítorí ewé, àfi tí kòkòrò bá ti jẹ ìdá 30 nínú 100 ewé náà kó tó yọ òdòdó, tàbí ìdá 15 láti ìgbà tó bá ti ń yọ òdòdó. Mélòó nínú wa ni ewé rẹ̀ ti lu tó bẹ́ẹ̀ kó tó sáré lọ ra oògùn?

Èyí tó ń bà wá jẹ́ gan-an kì í jẹ ewé. Kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé nì, tó máa ń rùn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu bí abẹ́rẹ́ ló ní. Á gún èèpo, á fa omi inú ọmọ sóyà nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ ò ní rí ihò kankan tí ẹ lè pè ní ihò. Ìgbà tí ẹ bá lù ú tán lẹ ó tó rí i pé ọmọ rẹ̀ ti hunjọ, ó ti dúdú, kò sì wúwo. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, oko gbogbo àdúgbò á ti gbẹ, tiyín á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ má yọ̀ o, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Kíkà ló lè mú un. Ẹ wá aṣọ funfun tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan. Àpò fatiláísà tí ẹ tú, tí ẹ fọ̀ dáadáa, náà á ṣe é. Ẹ tẹ́ ẹ sínú poro ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí oòrùn ò tíì mú, kí ẹ tẹ igi sóyà sórí rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kí ẹ ka ohun tó bá jábọ́. Ẹ ṣe é níbi mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ má sì gbàgbé etí oko, torí ibẹ̀ ni kòkòrò olóòórùn yẹn máa ń gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, láti ìgbà tó bá ti ń so títí yóò fi gbó. Tí ẹ bá rí méjì nínú mítà kan, ó tó fín. Ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe irúgbìn, ọ̀kan péré ti tó. Iye tí wọ́n ń lò ní Brazil náà nìyẹn, ó sì sàn lójú tèmi ju ká kàn máa fojú díwọ̀n lọ. Aláǹtakùn tó bá jábọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òṣìṣẹ́ yín ni, kì í sì í gba owó.

Ohun mìíràn tó mú mi pariwo kíkà ni àlejò. Ọdún 2016 ni wọ́n kéde armyworm ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, ẹ sì rántí ohun tójú àgbàdo rí. Ní ti Brazil, Helicoverpa armigera, tí àwa ti mọ̀ tipẹ́ nídìí tòmátì àti òwú, ti ń jẹ sóyà wọn ní Bahia kí wọ́n tó kéde rẹ̀ lọ́dún 2013, torí ó jọ ìbátan rẹ̀ kan tó ti wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. (Tiwọn wá sọ́dọ̀ wa, irú tiwa lọ sọ́dọ̀ wọn. Òkun ò dí kòkòrò lọ́nà.) Ẹni tí kò mọ ará ilé rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dá àlejò mọ̀?

Armyworm yìí lè bọ́ sínú sóyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, ẹ ó rí àmì bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Nítòsí ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin ló tò ní igun mẹ́rin. Èyí tí ẹ ò bá rí irú ẹ̀ rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sínú ike, kí ẹ gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ADP. Ẹ má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn nìkan. Ẹni tó ń ta oògùn kò ní sọ fún yín pé kò sí ohun tó yẹ kí ẹ rà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ẹ̀yin lẹ máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ nínú àpò, tẹ́ ẹ máa rí ọmọ tó ti hunjọ, tẹ́ ẹ máa já owó kóńgò wálẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i, kí ẹ sì bi í ibi tí oko rẹ̀ wà. Tí àgbẹ̀ mẹ́ta láti ọ̀nà kan náà bá gbé irú ẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti wọ àdúgbò yẹn, kí àwa tá a wà nínú poro tó mọ̀.