Jenifa Nílò Ẹni Tí Yóò Fojú Tẹ́ńbẹ́lú Rẹ̀

Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Egan, Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá wọ dánfó láti Ìgandó, tó gba Egan lọ sí Ìṣẹ́rì nírọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ rí Suliat kan. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ni. Ìlú kékeré kan ló ti wá, kò sì ní dárúkọ ìlú náà fún ẹnikẹ́ni. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún á sì máa já mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa fi ìgúnpá gún ara wọn.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Fúnkẹ́ Akíndélé wò ṣe fíìmù Jenifa ní 2008. Suliat dé yunifásítì láti abúlé, ó fẹ́ bá àwọn bígí gẹ́ẹ̀lì ṣẹgbẹ́, ó sì sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nù, ó di Jenifa. Ẹ̀rín pọ̀ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń bí i. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù fún Akíndélé níbi AMAA ní 2009.

Látìgbà náà, Jenifa ò sinmi. The Return of Jenifa jáde ní 2011, Jenifa's Diary gba orí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2024, Everybody Loves Jenifa dé sinimá. Nínú eléyìí, Jenifa ti ní àjọ aláàánú tirẹ̀, ó ń gbé ẹ́státì. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé olówó kan tí wọ́n ń pè ní Lobster kó wá síbẹ̀, ó sì fẹ́ gba iyì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìrìn-àjò fàájì sí Ghana tẹ̀ lé e, fàájì sì di kàtàkàtà. Owó tí fíìmù náà pa ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ìtàn náà kò lórí, kò nídìí.

Ẹjọ́ àìlórí-àìnídìí yẹn kò tọ́. Ta ló bi Bàbá Sàlá ní ìtàn rí? Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tó ṣe Bàbá Sàlá, a wọ táì labalábá gàdàgbà, a fi awò tí kò ní gíláàsì sójú, kò tíì lanu tí àwọn èèyàn á ti máa rẹ́rìn-ín. Fíìmù Ọ̀run Móoru ti 1982, Ààrẹ Àgbáyé ti 1983: ẹni náà ni wọ́n sanwó wò, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Bàbá Sàlá kò fìgbà kan dá wà lókè. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó ń fojú di í. Nínú Ọ̀run Móoru, gbájúẹ̀ ló fi ìlérí owó ọ̀fẹ́ tàn án jẹ. Àwàdà ò lè dùn bí kò bá sí ẹni tó ń yọ ṣùtì.

Ohun tí Jenifa sọ nù nìyẹn, àkọlé fíìmù sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀: gbogbo ayé fẹ́ràn Jenifa. Bí gbogbo ayé bá fẹ́ràn rẹ̀, níwájú ta ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò ti dójú tì í? Ẹnu rẹ̀ kò yí padà láti 2008, àmọ́ àwọn tó yí i ká ti gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń kí aládùúgbò.

Àwọn kan á ní ó yẹ kí Jenifa náà lówó, kó dàgbà. Kó dàgbà o! Ìyàwó olówó pàápàá ń bẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ń dójú tì í níwájú olùkọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí Akíndélé, nítorí kò dájú pé ó ti parí. Ẹ gba ẹ́státì lọ́wọ́ Jenifa. Ẹ yá yàrá kan fún un ní Egan, kí ajẹ́ńtì gba kọmíṣọ̀n rẹ̀, kí balùwẹ̀ jẹ́ àpapọ̀. Kí ẹni tí yóò máa tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe lójú gbogbo ayálégbé jẹ́ ọmọ LASU kan, ọmọ Ayétòrò, ìlú Jenifa, bíi tirẹ̀, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ lòun ti wá.