Àga Inú Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré Kì Í Ṣe Ọjà

Bí ẹni tó ta ewúrẹ́ tí ó tún di okùn rẹ̀ mú ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rí: wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n tún ń ta àga. Nínú ọkọ̀ ńlá, ẹni tí kò fẹ́ kí a há òun sáàárín èrò méjì lè gbà láti sanwó. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ kékeré bí ERJ-145 tí wọ́n ṣe ní Brazil? Èrò 50 péré ni ó ń gbà. Àga kan wà lápá òsì, méjì wà lápá ọ̀tún. Kò sí ẹni tí yóò há sáàárín.

Lóòótọ́, àwọn àga náà kò dọ́gba. Ẹni tó jókòó lápá òsì ní fèrèsé, ó sì wà létí ọ̀nà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni ariwo ẹ́ńjìnnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn. Èyí tó ìdí láti yan àga. Kò tó ìdí láti gbowó.

Ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà fi hàn lọ́dún 2024 pé ilé-iṣẹ́ márùn-ún pa ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ lórí àga láàárín ọdún 2018 sí 2023. Òbí tó sanwó kí ọmọ rẹ̀ má baà jókòó ti àjèjì kò ra ìgbádùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń rà padà.

Àga méjì apá ọ̀tún yẹ òbí àti ọmọ. Kí wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìyókù jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.