Ẹ Má Pè É Ní Eré Ọ̀lẹ

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní eré ọ̀lẹ ló ń ṣe, pé ọmọ tó bá jókòó ti iwin àti ilé-ìṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè mọ̀wé. N kò fèsì lọ́jọ́ náà, nítorí inú ń bí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ibí ni n ó ti sọ ọ́.

Kingdom Rush ni eré náà. Ironhide, ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Uruguay, ló gbé e jáde ní ọdún 2011. Ọ̀nà kan ló wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀tá ń gbà bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà lo máa kọ́ ilé-ìṣọ́ sí, ibi tí wọ́n bá sì yàn fún ọ nìkan ni. Oríṣi mẹ́rin ló wà: ti tafàtafà, ti ọmọ ogun, ti oṣó àti ti ìbọn ńlá. Ẹ̀mí 20 ni wọ́n fún ọ.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í tó. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ lé tafàtafà lórí, ọ̀tá tó wọ ẹ̀wù irin yóò máa kọjá lọ bí ẹni pé òjò wínníwínní ló ń rọ̀ sí i lára. Oṣó ló kápá irú wọn, síbẹ̀ àwọn mìíràn wà tí idán kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Àwọn ọmọ ogun kì í pa ọ̀tá púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló ń dá a dúró kí ìbọn lè bà á. Èwo ni ti ọ̀lẹ nínú èyí? Àwọn tó ń bú eré yìí ló ń yin ọ̀ta ayò. Ọmọ ayò 48 ni wọ́n ń ṣírò. Àwa náà ń ṣírò.

Wọ́n á ní ayò ní ẹnìkejì, ojú ń rójú. Mo gbà. Mo sì gbà pé àbúrò mi ti ṣe é di aago méjì òru rí. Bí ó bá jẹ́ àìsùn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ pè é ní àìsùn.

Kì í ṣe pípa iwin ló ń fà wá. Bí ọ̀tá bá wọlé níbẹ̀, o rí ibi tó gbà. O mọ̀ pé ìwọ ni o kò kọ́ nǹkan kan sí oríta yẹn. Àbúrò mi, tí kì í tún ìṣirò kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì nílé-ìwé, mo rí i tó tún ìpele kan ṣe lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń wá ẹni bínú sí, ẹ bínú sí ọjà tí wọ́n pa tẹ sínú rẹ̀. Lórí fóònù, owó gidi ni a fi ń ra àwọn akọni kan. Àìtó owó gan-an ni adùn eré yìí! Ẹni tó ra akọni tó lè dá ogun jà, kí ló kù fún un láti rò?

Mo ti bẹ bàbá mi pé kí wọ́n máa fún un ní wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé. Wọ́n ní àwọn á rò ó.